Ìfẹ́ Òbí àti Ọmọ ní Oko Ẹrú: Báwo Ni Ó Ti Yẹ Kí A Sọ Ọ́ fún Àwọn Ọmọdé?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, àti ẹ̀yin olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi pàápàá, ọ̀ràn kan wà tí mo fẹ́ gbé ka iwájú yín nínú ìwé ìròyìn wa ti oṣù yìí. Ó lè dàbí ọ̀ràn kékeré lójú ẹlòmíràn, nítorí ìwé àwòrán àwọn ọmọdé ni ó bí i. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti ṣẹlẹ̀ ni kò ti jẹ́ kí ọkàn mi sinmi.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, mo ka ìwé kan fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Henry's Freedom Box ni orúkọ rẹ̀. Ellen Levine ni ó kọ ọ́, Kadir Nelson ni ó ya àwọn àwòrán inú rẹ̀, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2007. Ìtàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní òtítọ́ ni, ìtàn Henry Brown, ẹrú kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tábà ní ìlú Richmond, ní ilẹ̀ Virginia. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ìyá rẹ̀ fi ewé tí afẹ́fẹ́ ń gbá kiri hàn án, ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a ti ń já ọmọ ẹrú gbà kúrò lára àwọn òbí rẹ̀. Ọmọ náà dàgbà, ó gbé Nancy ní ìyàwó, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta. Ní ọdún 1848, nígbà tí Henry wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ta aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ náà. Ní oṣù kẹta ọdún 1849, òun fúnra rẹ̀ wọ inú àpótí pákó kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré, tí ìbú rẹ̀ sì jẹ́ méjì. Wọ́n kan ìdérí rẹ̀ pa, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ bí ẹrù ọjà sí Philadelphia, níbi tí kò sí oko ẹrú. Wákàtí 27 ni ó lò nínú rẹ̀, pẹ̀lú omi díẹ̀ àti bísíkíìtì mélòó kan. Ìgbà kan wà tí àwọn agbẹ́rù gbé àpótí náà sódì, tí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lókè, tí ẹ̀jẹ̀ ń rọ́ wá sí ojú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ké. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ òmìnira ṣí i ní Philadelphia, ó dìde dúró, ó kí wọn, ó sì fi Sáàmù 40 kọrin.

Inú àwọn ọmọ náà dùn púpọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, na ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ó wí pé, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ṣí ìwé náà padà sí ojú ewé ìkẹyìn, bí ẹni pé èmi yóò rí wọn níbẹ̀. N kò rí wọn. Mo sì wí fún un pé agogo ti lù, kí wọ́n máa lọ sí ilé.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Mo mọ ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọ náà, nítorí mo ti ka ìtàn Henry Brown rí nínú ìwé àwọn àgbà. Agogo kò sì tí ì lù.

Ọ̀ràn tí mo ń bá jà láti ọjọ́ náà ni èyí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi oko ẹrú ṣe ìtàn ìfẹ́ àti ìrètí fún ọmọdé? Bí ó bá sì tọ́, níbo ni ìtàn náà ti ń di irọ́?

Àwọn kan wí pé kí a má tilẹ̀ dárúkọ oko ẹrú ní etí ọmọ kékeré rárá, nítorí ọkàn rẹ̀ kò tí ì le tó. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà fún wọn. Ọmọ tí ó tó gbọ́ ìtàn Jósẹ́fù, ẹni tí àwọn arákùnrin rẹ̀ tà ní ogún owó fàdákà, tí ó sì tó gbọ́ ti Fáráò tí ó pàṣẹ pé kí a sọ àwọn ọmọkùnrin Hébérù sínú odò, ó ti gbọ́ nípa oko ẹrú. Àwa fúnra wa ni a kà á fún un. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ wí pé pàṣán, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ni kí a fi hàn wọ́n, kí wọ́n lè kórìíra ibi láti kékeré. Èmi ti rí ohun tí èyí ń ṣe. Ọmọ tí ó bá jẹ́ pé inú ẹ̀wọ̀n nìkan ni ó ti ń rí àwọn baba ńlá rẹ̀, kì í pẹ́ kí ojú ó tó máa tì í nítorí wọn. Àwọn ni yóò máa gàn, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n náà. Nítorí náà, lọ́dọ̀ àwọn tí ń sọ ìtàn ìfẹ́ ni mo wà. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi wà lọ́dọ̀ wọn kì í ṣe pé ìfẹ́ ń mú kí ìtàn náà dùn.

Àwọn àgbà wa wí pé: ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ni ẹrú ti ṣe ọmọ rí ní ilé ìyá rẹ̀. Gbogbo agbára oko ẹrú dúró lórí pé kí a gbàgbé ìlà ìkẹyìn yìí. Ní ọdún 1662, àwọn aṣòfin Virginia fi í lélẹ̀ pé ipò tí ìyá bá wà, ìbáà ṣe ẹrú ìbáà ṣe òmìnira, òun ni ipò tí ọmọ rẹ̀ yóò wà. Ẹ kíyèsí ohun tí òfin yìí ṣe. Ó mú inú obìnrin, ó sì sọ ọ́ di àká fún olówó rẹ̀. Ọmọ tí ó bá bí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, èlé orí owó ẹlòmíràn ni. Láàrin ọdún 1790 àti 1860, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn ni a kó kúrò ní Virginia, Maryland àti àwọn ilẹ̀ itòsí wọn lọ sí àwọn oko òwú ìhà gúúsù, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn nípa títà lọ́jà. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ní ìyá tí ó fẹ́ràn wọn, tí kò sí ọkọ tí ń wá aya rẹ̀, tí kò sí ọmọ tí ń ké pe baba, kò ní ju ọ̀ràn kíkó ẹrù láti ọjà kan dé òmíràn lọ. Ìfẹ́ wọn ni ó ń jẹ́ kí a mọ ohun tí a bàjẹ́. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ ìfẹ́ wọn fún ọmọdé, kì í ṣe òróró ni a ń dà sí ojú ọgbẹ́. Ẹlẹ́rìí ni a ń pè wá sí ilé ẹjọ́.

Ẹlẹ́rìí kan náà ni ẹni tí ó ní ọgbọ́n àrékérekè lè pè láti gbe ẹlẹ́bi. Ní oṣù kíní ọdún 2016, ìwé àwòrán kan jáde ní Amẹ́ríkà tí à ń pè ní A Birthday Cake for George Washington. Ramin Ganeshram ni ó kọ ọ́, Vanessa Brantley-Newton ni ó ya àwòrán rẹ̀. Hercules, ẹrú tí ó jẹ́ alásè fún Ààrẹ Washington ní Philadelphia, fẹ́ ṣe àkàrà òyìnbó fún ọjọ́ ìbí olówó rẹ̀; ṣúgà tán nílé; òun àti Delia ọmọbìnrin rẹ̀ sì ń wá ọgbọ́n dá. Nínú àwọn àwòrán náà ẹ̀rín kún ẹnu baba àti ọmọ. Ariwo ta láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí àti àwọn olùkọ́, kí oṣù náà sì tó parí, ilé iṣẹ́ tí ó tẹ̀ ẹ́ ti kó o kúrò lórí àtẹ.

Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ìwé náà? N kò rò pé ẹ̀rín náà ni. Ẹrú a máa rẹ́rìn-ín, baba a sì máa yangàn níwájú ọmọ rẹ̀ nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Hercules sì jẹ́ alásè tí òkìkí rẹ̀ kàn. Ẹ̀ṣẹ̀ náà ni pé ìfẹ́ baba àti ọmọ yìí kò ní ọ̀tá kankan nínú àwòrán. Ẹ wo ohun tí ó wà lẹ́yìn àkàrà náà. Òfin Pennsylvania ti ọdún 1780 fi àyè sílẹ̀ pé ẹrú tí olówó rẹ̀ bá mú wá gbé níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà lè gba òmìnira. Nítorí èyí, Washington a máa ṣètò kí wọ́n mú àwọn ẹrú rẹ̀ jáde kúrò ní ilẹ̀ náà kí oṣù mẹ́fà tó pé, kí wọ́n sì tún mú wọn padà wọlé, kí ìṣirò lè bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Ẹni tí wọ́n ń ṣe àkàrà fún ni ó ń fi ìka ka oṣù lé wọn lórí. Lẹ́yìn èyí, a dá Hercules padà sí oko Washington ní Mount Vernon, a sì mú un kúrò nídìí ààrò lọ sí ìdí iṣẹ́ àwọn lébìrà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1797, ọjọ́ tí Washington pé ẹni ọdún 65 gan-an, Hercules sá lọ. Ọjọ́ ìbí kan náà! Ní ẹ̀yìn ìwé náà, níbi tí òǹkọ̀wé ti bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀, wọ́n mẹ́nu kan sísá náà. Ṣùgbọ́n èwo nínú àwọn ọmọ yín ni ó ń ka ẹ̀yìn ìwé?

Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, àlejò kan dé Mount Vernon. Louis-Philippe ni, ẹni tí ó wá di ọba ilẹ̀ Faransé ní 1830. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí ìrìn-àjò rẹ̀ pé ìránṣẹ́ òun bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin Hercules sọ̀rọ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó wí fún un pé ìbànújẹ́ ńlá ni yóò jẹ́ fún un pé kò ní fi ojú kan baba rẹ̀ mọ́. Ọmọ náà dá a lóhùn pé inú òun dùn púpọ̀, nítorí baba òun ti di òmìnira.

Ẹ̀yin òbí, ẹ dúró díẹ̀ níbí. Ọmọ ọdún mẹ́fà! Mo ti wàásù lórí ìfẹ́ tí kì í wá ohun ti ara rẹ̀, n kò sì rí àpẹẹrẹ kan tí ó mú mi lọ́kàn bí èyí. Ọmọ náà mọ ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà: pé òun kò ní baba lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun mọ́, àti pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí baba òun dára. Kò pa èkíní rẹ́ kí èkejì lè dùn. Ojú ewé tí ó yẹ kí a yà fún àwọn ọmọ ni èyí. Nígbà tí Washington sì kú ní 1799, ìwé ìhágún rẹ̀ dá àwọn ẹrú tirẹ̀ sílẹ̀, Hercules sì di òmìnira lójú òfin níbikíbi tí ó wà; ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ kò bá a lọ. Ìyá wọn kì í ṣe ẹrú Washington fúnra rẹ̀. Ti ìdílé ọkọ àárọ̀ aya rẹ̀ ni. Inú àká yẹn ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì wà.

Láti ìgbà tí mo ti ronú lórí ìwé yìí ni mo ti ń bi ìwékíwèé tí ó bá jọ ọ́ léèrè ìbéèrè kan kí n tó kà á fún ọmọ: ẹni tí ó lè ta àwọn wọ̀nyí ní ọ̀la, ǹjẹ́ ó wà nínú àwòrán? Kò di dandan kí pàṣán wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ òjìji rẹ̀ nìkan, tàbí ewé tí afẹ́fẹ́ já bọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú ìwé Henry. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí níbẹ̀ rárá, a ti fi ilé tí ń jó han ọmọ, a sì sọ fún un pé ìmọ́lẹ̀ fìtílà ni.

Ìwé kan wà tí ó dáhùn ìbéèrè yìí dáadáa ní ojú mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ní wàhálà tirẹ̀. Love Twelve Miles Long ni orúkọ rẹ̀, ní 2011. Glenda Armand ni ó kọ ọ́, Colin Bootman ni ó yàwòrán rẹ̀. Ó sọ nípa Harriet Bailey, ìyá Frederick Douglass, ní Maryland. Wọ́n ti gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ láti kékeré, wọ́n sì ti fi obìnrin náà ṣiṣẹ́ ní oko tí ó jìnnà tó máìlì 12. Lẹ́yìn iṣẹ́ oko ọjọ́ kan, yóò fi ẹsẹ̀ rìn ní òru wá wo ọmọ rẹ̀, yóò sì rìn padà kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí pàṣán ni ó ń dúró de ẹni tí kò bá sí ní oko nígbà tí oòrùn bá yọ. Nínú ìwé náà, ìyá ń sọ fún ọmọ ohun tí ó ń fi máìlì kọ̀ọ̀kan ṣe ní ojú ọ̀nà. Ìwé tí ó dùn ún kà ni.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Douglass fúnra rẹ̀ kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní 1845, kò sì kọ ọ́ báyìí. Ó ní òun kò rí ìyá òun ju ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, gbogbo rẹ̀ ní òru. Àti pé nígbà tí ó kú, tí òun jẹ́ bí ọmọ ọdún méje, bí ẹni gbọ́ ikú àjèjì ni ó rí ní ọkàn òun. Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́. Níbí, ìyá kú, kò sì dun ọmọ. Ǹjẹ́ ìwé àwọn ọmọdé parọ́, nígbà náà? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà bẹ́ẹ̀, títí mo fi ka ìwé kejì tí Douglass kọ ní 1855. Ọdún mẹ́wàá ti kọjá. Nínú èyí ni ó ti sọ nípa òru kan tí obìnrin tí ń ṣe àṣẹ ní ilé ìdáná, ẹrú gẹ́gẹ́ bí òun, fi ebi pa á. Ìyá rẹ̀ wọlé dé lójijì, ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó bá obìnrin náà wí kíkankíkan, ó sì fún ọmọ rẹ̀ ní àkàrà òyìnbó alátalẹ̀ tí a ṣe bí àwòrán ọkàn. Ó ní ní òru náà ni ó yé òun pé òun ní ẹni. Nígbà tí ó jí ní òwúrọ̀, ìyá rẹ̀ ti lọ. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ó tún gbọ́ pé obìnrin náà mọ ìwé kà, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ láàrin àwọn ẹrú agbègbè náà.

Èwo nínú ìwé méjèèjì ni òtítọ́? Méjèèjì ni. Ọkàn tí kò sunkún fún ìyá rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ oko ẹrú nìyẹn. Ní 1845 Douglass dúró bí ẹni tí ó wà níwájú adájọ́, ó sì fi ibi tí wọ́n ti ṣá a lọ́gbẹ́ hàn. Àkàrà alátalẹ̀ náà ni ohun tí ọwọ́ oko ẹrú kò tó. Ó ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà èwe, ṣùgbọ́n ó tó ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́. Bí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibi àkàrà náà fún ọmọ kékeré, n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá ti pa ìgbà òwúrọ̀ tì, nígbà tí ó jí tí kò rí ẹnìkankan.

Mo sì kọ́ ohun kan nípa ìrètí láti ibẹ̀. A ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí ó rọrùn jù lórí pẹpẹ ìwàásù, èmi náà kò yọ ara mi sílẹ̀. A ń fi í pè é nígbà tí a bá ní ìdánilójú pé nǹkan yóò dára. Harriet Bailey kò ní irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀. Kò rí òmìnira, ọmọ rẹ̀ kò sì tí ì mọ ìwé nígbà tí ó kú. Kò sí ohun tí ó ṣèlérí fún un pé ọmọ tí ó ń rin máìlì 12 nítorí rẹ̀ yóò di ẹni tí àwọn ààrẹ yóò gbọ́ ohùn rẹ̀. Síbẹ̀ ó rìn. Ìrètí rẹ̀ wà nínú ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ìwé àwòrán bá lè fi èyí yé ọmọ, láìsọ fún un pé gbogbo ẹni tí ó rìn ni ó dé, ó ti ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìwàásù kò ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀dọ̀ Henry Brown, nítorí ibẹ̀ ni ojú ti tì mí. Kí a tó ta Nancy, Henry ti san dọ́là 50 fún ẹni tí ó rà á, gẹ́gẹ́ bí ìrànwọ́ sí owó rẹ̀, kí ọkùnrin náà má baà tà á mọ́. Ọkùnrin náà gba owó, ó sì tà á pẹ̀lú oyún nínú. Henry lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń kó wọn kọjá lọ sí North Carolina. Ọmọ rẹ̀ àgbà rí i láti inú kẹ̀kẹ́ ẹrù, ó sì ń ké pè é. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó sì bá a rìn fún máìlì mẹ́rin, títí ó fi di pé kò lè lọ mọ́. Lẹ́yìn èyí ni ó wọ inú àpótí. Ó di olókìkí. Ó rékọjá sí England ní 1850, ó ń fi ìtàn ara rẹ̀ hàn láti ìlú dé ìlú. Ní 1851, James Smith, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ràn án lọ́wọ́ nígbà tí ó wọ àpótí, fi ẹ̀sùn kàn án pé ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un láti ra aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kò ṣe é. Ní 1855 ó fẹ́ ìyàwó mìíràn ní England. Ìdáhùn tí mo fi agogo bò mọ́lẹ̀ nìyí.

Kí ni kí a ṣe pẹ̀lú rẹ̀? Ó rọrùn láti dá a lẹ́bi. Ó sì rọrùn láti pa á mọ́, kí akọni wa má baà ní àbàwọ́n. N kò lè ṣe èkíní, nítorí kò sí ẹni tí ó ti gbé mi ní àpótí sódì rí, n kò sì mọ ohun tí ó máa ń kú nínú ènìyàn ní máìlì kẹrin. Ṣùgbọ́n èkejì ni ó léwu jù fún ọmọdé. A lè fi ohun tí ó wúwo pamọ́ fún ọmọ títí èjìká rẹ̀ yóò fi gbà á. Ìyá tí ń jẹ oúnjẹ lẹ́nu fún ọmọ kò tan ọmọ rẹ̀ jẹ. Nígbà tí ọmọ náà bá fi ẹnu ara rẹ̀ bèèrè, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹni tí ó bèèrè ìyàwó àti ọmọ Henry ti ka ìwé náà ju èmi tí mo ń kà á lọ. Ó ṣe ohun tí oko ẹrú kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe: ó ka iye àwọn ènìyàn inú ìdílé náà, ó sì rí i pé wọn kò pé.

Àwa ará Áńgílíkà ní ilẹ̀ yìí ní ìtàn tiwa tí ó jọ èyí. Kò sí ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tí kò mọ Àjàyí: bí a ti kó o ní Òṣogùn ní 1821, bí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á sílẹ̀ ní 1822, bí ó ti di Samuel Crowther, tí ó di àlùfáà, tí ó sì padà wá bá ìyá rẹ̀ Àfàlà ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25, tí a sì sàmì fún obìnrin náà ní 1848 pẹ̀lú orúkọ Hánà. Mo ti kọ́ni ní ìtàn yìí ju ìgbà mẹ́wàá lọ, gẹ́gẹ́ bí mo ti ka ti Henry: ìbẹ̀rẹ̀ búburú, òpin rere, kí a pàtẹ́wọ́. N kò sọ fún wọn rí pé wọ́n fi ọmọ náà ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, tàbí pé ó gbèrò ní òru láti fi ọ̀já ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. N kò sọ fún wọn pé iye àwọn ìyá tí kò rí ọmọ wọn mọ́ láé pọ̀ ju ẹyọ kan tí ó rí i lọ. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ fún wọn pé nínú Ìjọ kan náà tí ó gba Àjàyí mọ́ra, ẹgbẹ́ kan tí a dá sílẹ̀ ní 1701 fún ìtànkálẹ̀ Ìhìnrere jogún oko ìrèké ní Barbados lọ́wọ́ Christopher Codrington, pẹ̀lú àwọn ẹrú tí ó wà níbẹ̀, àti pé ìgbà kan wà tí a fi irin gbígbóná tẹ orúkọ ẹgbẹ́ náà sí àyà wọn. Ní oṣù kejì ọdún 2006 ni Sínódù Àgbà ti Ìjọ England tọrọ àforíjì.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, mo pe àwọn ọmọ náà jọ. Mo sọ fún wọn pé agogo kò lù ní ọjọ́ náà, pé èmi ni n kò fẹ́ dáhùn. Mo sọ ti máìlì mẹ́rin àti ọwọ́ tí Henry di mú. Mo sọ ohun tí James Smith wí. Ọmọbìnrin náà ronú sí i, ó bi mí pé, "Ṣé ó gbàgbé wọn ni, sà?" Mo wí fún un pé ẹni tí ó gbàgbé kì í rántí máìlì mélòó ni òun bá wọn rìn. Ó ní kí ni orúkọ àwọn ọmọ náà. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Ó dàbí ẹni pé èyí dùn ún ju gbogbo ìyókù lọ.

Lẹ́yìn náà mo sọ ìtàn Àjàyí, pẹ̀lú ẹṣin àti ọ̀já náà. Wọn kò pàtẹ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọkùnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ dìde láti ẹ̀yìn.

"Tíṣà, àwọn tí ó mú un, tí wọ́n sì tà á kí ó tó dé ọ̀dọ̀ òyìnbó, èdè wo ni wọ́n ń sọ?"

Mo wí fún un pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ èdè wa.